Ikọ́ Vieno

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni fíìmù mi:
yìnyín, igi tó wọ́wé, ilé pákó kan tẹ́nìkan ò gbé mọ́.
Èmi ni mo yà á, títí ìka mi fi le bí igi ìdáná.
Ohun tó kù ò ju ohùn lọ.

Mo wá a kiri lórí ayélujára ní òru Oulu kan,
òru tó bẹ̀rẹ̀ láago méjì ọ̀sán.
Mo rí i: agùfọn méjì létí ẹrẹ̀, lójúmọmọ,
wọ́n ń ké pe ara wọn
bí ìgbà tí ilẹ̀kùn irin ńlá kan bá ń ṣí lójú ọ̀run,
lẹ́yìn náà ni apá wọn pa pàà, wọ́n fò lọ.
Orúkọ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Mo rí orúkọ náà. N ò ní sọ pé n ò rí i.

Osmo tá a jọ ń gbé yàrá ní,
"Iṣẹ́ kíláàsì mà ni. Ta ni yóò mọ̀?
Àbí agùfọn á wá pè ọ́ lẹ́jọ́ ni?"
A rẹ́rìn-ín. Mo gbé e.

Àmọ́ kí wọ́n tó fò, ẹnìkan wúkọ́.
Ikọ́ kékeré, ikọ́ ẹni tó ti ń pa á mọ́ra tipẹ́,
tó wá fẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.
Lójú tèmi, àbùkù ni.
Mo gé e kúrò,
mo so etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò hàn, kò lápàá.

Lọ́jọ́ tá a fi iṣẹ́ wa hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.
Kyllikki, olùkọ́ wa, ò pàtẹ́wọ́.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.
"Aukusti," ó ní, "ikọ́ náà dà?"

Kò yé ẹnikẹ́ni. Ó yé mi.
Òógùn bò mí nínú òtútù.

Nígbà tí yàrá ṣófo, ó ní,
"Òfin ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, n ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé á kí onílé.
Ìwọ ò kí i,
o tún tì í síta nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà.
Àkọ́kọ́ kún fún àwáwí, mo fà á ya.
Èkejì kún fún gírámà, ìyẹn náà ya.
Ẹ̀kẹta ni: *Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo mú ohùn yín, n ò tọrọ.*

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń yẹ àpótí lẹ́tà wò bí ẹni ń retí ìdájọ́.
Èsì dé, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín:

*Òru mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní Liminka,
mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
aṣọ òjò olóògbé ọkọ mi ni mo fi bora.
Èmi kọ́ ni mo ni agùfọn.
Òru mẹ́ta yẹn ni mo ni.
Lò ó, ọmọ mi. Kọ orúkọ mi sí i.
Ṣùgbọ́n dá ikọ́ mi padà.
Kí lo rò pé ó mú wọn fò?*

Mo jókòó, mo tún un gbọ́.
Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo fíìmù mi,
apá ń pa pàà láìnídìí,
n kò sì béèrè ìdí.

Mo ti dá a padà.
Ilé pákó dúró lójú àwòrán, ó ṣófo, ó dákẹ́,
obìnrin kan wúkọ́,
ọ̀run sì kún fún ìyẹ́.
Orúkọ rẹ̀ wà níparí, ó tóbi tó tèmi.

Osmo gbójú sókè lórí ibùsùn: "Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"
Mo sọ fún un.